Orin Tí A Kò Tíì Gbọ́ Ẹjọ́ Rẹ̀

Ọmọ mi, ìwọ tí o ti ń tẹ píánò láti kékeré, tí o ti tẹ Beethoven àti Chopin níwájú ìjọ títí àwọn ìyá ìjọ fi dìde jó níbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jó, tí o wá ń wò ó báyìí pé kí ló kù tí ìwọ lè ṣe tí ẹlòmíràn kò tíì ṣe, fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Mi ò ní kánjú sọ ọ́, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́ yìí ti jìyà ìkánjú tó.

Àwọn orin kan wà tí àwọn baba rẹ kọ sílẹ̀ fún píánò, tí wọ́n fi oorun ojú wọn kọ, tí a sì dá lẹ́bi láì gbọ́ tẹnu wọn. Níhìn-ín, àwọn ènìyàn wa ní orin òyìnbó ni, kí ni a fẹ́ fi ṣe. Lọ́hùn-ún, òyìnbó ní orin adúláwọ̀ ni, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ère àti ìlù sí. Adájọ́ méjì ló dájọ́, kò sì sí èyí tó jẹ́ kí olùjẹ́jọ́ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Orin tí wọ́n kọ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀ kí ará ilé àti ará oko lè gbọ́, kò tíì rojọ́ rárá. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ nìyẹn: lọ jókòó nídìí píánò, kí o sì jẹ́ kí ó rojọ́.

Gba Ayọ̀ Bánkọ́lé yẹ̀wò. Ní Jos ni wọ́n ti bí i ní 1935, ilé olórin ló sì já sí: bàbá rẹ̀ ń tẹ ọ́gáànù fún ìjọ, ó ń darí akọrin, ìyá rẹ̀ sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin lórin ní Queen's School nígbà tó wà ní Ẹdẹ, Ẹdẹ tiwa níhìn-ín, tí o máa ń gbà kọjá tí o kò sì bèèrè pé ta ló ti gbé ibẹ̀ rí. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Èkó, níbi tí Fẹlá Ṣówándé, akọ̀wé orin, ti fà á mọ́ra tó sì kọ́ ọ. Ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 1957, ó kọ́ṣẹ́ ní Guildhall, ó bọ́ sí Clare College ní Cambridge, ó padà wálé, rédíò tún gbà á, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976 wọ́n pa á, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni. Ró ìyẹn wò kí a tó tẹ̀ síwájú: Nigerian Suite tó kọ fún píánò, àti sonata rẹ̀ tó pè ní The Passion, iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ẹni 30 ọdún ni wọ́n. Ohun tí ì bá kọ bí ó bá hu ewú lórí, ó bá a lọ. Èyí tó kọ nìkan ló ṣẹ́kù, bí a bá sì tún jẹ́ kí ìyẹn dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì la pa á.

Ta ló wá ń jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀? Rebeca Omordia ni, tí wọ́n bí ní Romania, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará ibẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló gbé orin Bánkọ́lé, ti Christian Onyeji àti ti Fred Onovwerosuoke sórí àwo tó pè ní Ekele ní 2018. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó dá ètò eré orin àwọn ará Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2022 ó tún gbé African Pianism jáde, níbi tí Bánkọ́lé ti tún yọjú, tí Three Yoruba Songs Without Words ti Akin Euba sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣáájú rẹ̀, William Chapman Nyaho, ọmọ Ghana tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ti gbé Senku jáde ní 2003 àti Asa ní 2008, ó sì ti kó orin píánò àwọn adúláwọ̀ jọ sínú ìwé márùn-ún tí Oxford University Press tẹ̀, láti orí èyí tí ọmọdé lè tẹ̀ dé orí èyí tó ń mú ọ̀gá làágùn. Má ṣe jowú wọn, má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o ń bèèrè ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ẹni tó ṣe ohun tí a kò ṣe, ọpẹ́ la jẹ ẹ́. Ra àwo wọn, gbọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ ọ́ létí.

Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbọ́ ọ tán, ọmọ mi, bi ara rẹ léèrè ohun tí ìwọ mọ̀ láti inú oyún tí ẹlòmíràn ní láti fi owó kọ́. Orin tí Euba pè ní orin aláìlọ́rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Orin Yorùbá ni, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín inú ọ̀rọ̀ náà ló gbé ohùn orin dúró, etí ìwọ yóò sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹnu píánò tilẹ̀ pa dé. Àwọn tó ṣáájú mọ èyí dáadáa. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ ọ́gáànù ní Kàtídírà Krístì ní Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, tó sì kọ́ Ṣówándé ní ọ́gáànù, fi púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ bá ìjà kan jà: pé àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, ohùn òkè já sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ fò sókè, ìjọ ń kọrin tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ kò sì dọ́gba pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìwé. Ó kọ ìwé lé orin Yorùbá ní 1953. Èmi tí mo ti fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ́gáànù ìjọ ní abúlé, mo mọ àwọn orin tí ó ń sọ wọ̀nyẹn, a ṣì ń kọ wọ́n, ẹnu wa ti mọ́ wọn lára débi pé bí a bá tún un ṣe, àwọn àgbà ìjọ ni yóò kọ́kọ́ bínú.

Má sì rò pé àná ni orin wa dé orí píánò. Ní 1905, Samuel Coleridge-Taylor, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà ará Sierra Leone, tẹ orin píánò 24 jáde ní Boston láti inú orin àwọn adúláwọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó pè ní Oloba, orin Yorùbá ni, ọwọ́ Victoria Randle ará Èkó, ọmọ Sarah Forbes Bonetta, ló sì ti gbà á. Ó ti lé ní 100 ọdún nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ́ píánò lónìí, ṣé wọ́n ti gbé e síwájú rẹ̀ rí?

Wàyí o, Akin Euba. Òun àti Bánkọ́lé, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, Èkó ni wọ́n bí tirẹ̀ sí. Ó kọ́ṣẹ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ó wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí ó tó gbé ọ dé láti ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó ṣe tí kò jọ ti ẹlòmíràn ni pé ó fi ìwé òyìnbó sílẹ̀ lọ jókòó ti àwọn onílù dùndún, ó kọ́ ìlù náà débi tó fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lé e lórí ní Legon ní Ghana ní 1974, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bí píánò ṣe jẹ́ irin àti igi tí à ń lù yìí, ó bá onílù wa tan ju bí àwọn tó ṣe é ṣe rò lọ. Ó kú ní 2020 ní ẹni ọdún 84.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ọ nípa Scenes from Traditional Life tó kọ ní 1970: bí o bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, yóò dà bíi pé ènìyàn méjì ń jà nínú ilé. Ó gba ìlànà àwọn ará Vienna, àwọn tó ń lo gbogbo ohùn 12 láì fi ọ̀kan ṣe olórí, ó sì fi í sí abẹ́ ìlù Yorùbá. Kò dùn bí súgà. Má fi ìyẹn sá. Nínú irú orin báyìí, ọwọ́ òsì ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Ó lè máa ṣe ohun tí gúdúgúdú ń ṣe láàárín ẹgbẹ́ dùndún, ìlù kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n lẹ ìda mọ́ lójú, tí wọ́n ń fi awọ lílọ́ méjì nà, tí kì í yí ohùn padà, tí kì í sinmi, tí kì í sì í ṣe ẹni tí àwọn ènìyàn ń wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá ìlù, òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki ènìyàn, ó sì lè dé lẹ́yìn tàbí kí ó dé ṣáájú bó ṣe wù ú nítorí pé ọwọ́ òsì dúró gbọin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ́ kí ọwọ́ òsì sá tẹ̀ lé ọwọ́ ọ̀tún ti ba ilé jẹ́.

Ibì kan wà tí ó nira ju ìyẹn lọ. Nígbà tí onílù bá fún ọṣán dùndún, awọ á le, ohùn á gòkè. Bó bá tú u, ohùn á rọ̀ wálẹ̀, kò sì fò, ṣe ló ń yọ̀ bọ̀. Píánò kò lè yọ̀. Láàárín ìka kan àti ìkejì lójú rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ohun tí akọ̀wé orin ń ṣe ni pé ó máa fi àwọn nóòtù kéékèèké há ẹ̀gbẹ́ nóòtù ńlá, kí ìka rẹ fẹ́rẹ̀ kàn án kí ó sì kúrò, kí etí lè rò pé ohùn náà yọ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí ọwọ́ onílù lórí ọṣán yóò tẹ àwọn nóòtù wọ̀nyẹn bí ẹni ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí orin, yóò sì dára létí, kò sì ní í sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ pé kí o tó gbé orin kankan lọ sí situdíò, kí o lọ sí agbo ilé àwọn Àyàn ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o gbé obì lọ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́, kí o sì jókòó sí ibi tí wọ́n bá ní kí o jókòó sí. Ìka rẹ lè yára ju ti gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jẹ́ kí bàbá onílù kan gbọ́ ohun tí o fẹ́ tẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín, bèèrè ìdí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, o ti ń dé ibẹ̀.

Nípa ìwé orin fúnra rẹ̀, ọmọ mi, ìwà Ìjẹ̀ṣà ni kí o fi wá a. O mọ bí àwọn oṣómàáló wa ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un, tí wọ́n gbé aṣọ lé orí lọ sí ìlú onílùú, tí wọ́n tà á láwìn, tí wọ́n sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó fi jáde. Wọn kì í bú u. Wọn kì í lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe ní ilé ìkàwé yunifásítì, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́dọ̀ ẹbí akọ̀wé orin. Ifẹ̀ tẹ díẹ̀ nínú iṣẹ́ Bánkọ́lé àti ti Euba jáde ní àwọn ọdún 1970. Joshua Uzoigwe, ọmọ Ìgbò tó kọ́ àwọn ènìyàn lórin ní Ifẹ̀ kan náà, tó kú ní 2005, kọ Talking Drums fún píánò, Nyaho sì ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Àwọn mìíràn wà ní ìwé àfọwọ́kọ, nínú àpótí, lábẹ́ ibùsùn, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Bí o bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, wo Florence Price ní Amẹ́ríkà, obìnrin adúláwọ̀ tí ẹgbẹ́ olóhun-èlò orin ńlá ti Chicago ti lu orin rẹ̀ ní 1933. Ó kú ní 1953, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ní 2009, tọkọtaya kan ra ilé àlàpà kan ní St. Anne ní Illinois láti tún un ṣe, wọ́n sì bá òkìtì bébà níbẹ̀: orin rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ tí àwọn ènìyàn rò pé ó ti run. Lónìí àwọn onípíánò ń dìje láti gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Òrùlé tó wó díẹ̀ sí i, òjò ọdún kan sí i, ìtàn náà ì bá yàtọ̀. Ní ilẹ̀ wa tí ikán kì í bèèrè orúkọ akọ̀wé kí ó tó jẹ ìwé, mo fẹ́ kí o yára níbi wíwá, kí o sì falẹ̀ níbi títẹ̀.

Gba àṣẹ. Èyí kò le, ó kàn gba ìwà ni. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, iṣẹ́ akọ̀wé orin jẹ́ ti òun àti àwọn àjògún rẹ̀ títí 70 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tó kú, nítorí náà orin Bánkọ́lé di ìparí 2046 kí ó tó di ti gbogbo ayé, ti Ṣówándé tó kú ní 1987 di ìparí 2057. Lọ kí ẹbí náà, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, kí o sì mú àwo náà padà wá fún wọn nígbà tó bá jáde. Owó ibẹ̀ kò ní pọ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún ọ pé yóò pọ̀ lọ́la.

Kí o tó gba orin kankan sílẹ̀, mọ píánò tí o fẹ́ lò. Kíbọ́ọ̀dù wúlò ní ìsìn, ṣùgbọ́n kò sí òkùn nínú rẹ̀, kò lè fún ọ ní ohun tí òkùn irin tó lé ní 200 ń ṣe nígbà tí òòlù kan bá jí ọ̀kan tí àwọn ìyókù sì gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Igi píánò ń mu omi lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ọyẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ẹni tó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wá ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì dúró tì ọ́ títí ẹ ó fi parí, kí o fún un ní oúnjẹ pẹ̀lú. Ní Ìtagúnmodi yìí, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe irú ilẹ̀ pupa kan tí kòkó fẹ́ràn, o kò lè gba orin sílẹ̀ ní ọ̀sán: ẹ̀rọ tí àwọn awakùsà fi ń fa omi kì í dákẹ́, ọ̀kadà ń kọjá, bí òjò bá sì kan páànù, ó ti tán. Òru ni kí o ṣe é, kí o pa jẹnẹrétọ̀, tàbí kí o tọrọ ààyè ní gbọ̀ngàn ńlá bíi ti MUSON ní Èkó. Má jẹ́ kí máìkì sún mọ́ òkùn jù, kí yàrá náà lè wà nínú orin. Má sì gé orin sí wẹ́wẹ́ kí o wá máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ilẹ̀. Bí àṣìṣe kékeré kan bá wà níbẹ̀ tí ẹ̀mí orin sì wà, fi í sílẹ̀.

Bí o bá sì dé ibi tí akọ̀wé kò kọ bí ó ṣe fẹ́ kí o ṣe é, rántí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó pamọ́ ló dára. Ìwọ náà yóò rí i. Àwọn orin kan yóò wà tí ọ̀dọ́ kan kọ láti fi wu olùkọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sí nǹkan nínú wọn ju ọgbọ́n ilé ìwé lọ, o sì lè dá wọn padà sínú àpótí láì ní ẹ̀rí-ọkàn burúkú, nítorí pé o ti gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹ̀tọ́ orin ni kí a gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ní dandan ni kí a fẹ́ràn rẹ̀. Ní tèmi, mo gbé Bánkọ́lé ga ju Euba lọ nídìí píánò, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé yóò bá mi jiyàn. Gba ti àwọn méjèèjì sílẹ̀ dáadáa kí àríyànjiyàn náà lè ní ẹsẹ̀.

Má sì gbàgbé àwọn tó wà láyé. Onyeji ń kọ, Onovwerosuoke ń kọ, àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní Ifẹ̀, ní Èkó àti ní ilé ẹ̀kọ́ MUSON ń kọ, wọ́n sì ń fi orin wọn ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù nítorí kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Àǹfààní wà lára akọ̀wé orin tó wà láàyè: o lè bi í léèrè.

Ní 1963, Euba kọ orin kan tó pè ní Igi Nla So, fún píánò àti ìlù Yorùbá. Onípíánò kan ló ń fẹ́, àti àwọn onílù tó mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn onílù wà ní Iléṣà, mo mọ agbo ilé wọn, wọ́n sì ti gbà láti gbọ́ ọ. Wá, ọmọ mi, kí n mú ọ lọ bá wọn.